Òkúta Tìróò Orí Tábìlì Ọkọ Mi

Ọkọ tí mo fẹ́ ní Ifọ̀, ní àsìkò tí wọ́n ń la títì ńlá tó gba Mowe kọjá, òkú rédíò ló máa ń tọrọ kiri. Ẹ má rò pé mò ń ṣe àwàdà. Á wọ ilé onílé, á dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, á béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ, kí inú wọn tó dùn tán, á bi wọ́n bóyá rédíò kan wà lábẹ́ ibùsùn wọn tí kò fọhùn mọ́. Bí wọ́n bá ní ó wà, á gbé e há abíyá, á máa rẹ́rìn-ín bọ̀ wá sílé. Bí wọ́n bá ní kò sí, á ya ilé kejì. Ọ̀sán gangan ni o, lójú gbogbo ayé.

Ojú ń tì mí. Lọ́jọ́ kan nídìí ẹ̀rọ omi, obìnrin kan tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra bi mí pé ṣé a ń rí jẹ. Mo ní kí ló dé. Ó ní òun rí bàálé mi tó ń tọrọ nǹkan láti ojúlé dé ojúlé. Mo gbé korobá mi, omi ò tíì kún un, mo bọ́ sọ́nà. Láti ọjọ́ náà, mi ò lọ sídìí ẹ̀rọ omi nígbà tí èrò bá wà níbẹ̀ mọ́. Inú oòrùn ọ̀sán, nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti wọlé, ni mo máa ń pọnmi.

Bẹ́ẹ̀ ọkọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ló kọ́, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ibùdó rélùwéè, ọwọ́ rẹ̀ sì dá a. Ẹni tó bá gbé rédíò wá láàárọ̀, á gbé e lọ tòun tohùn nírọ̀lẹ́. Àkàrà ló bá tèmi jẹ́. Àkàrà tí mo fowó ara mi rà, ìwé ìròyìn òyìnbó ni wọ́n fi wé e. Ó jẹ àkàrà tán, ó tẹ́ ìwé olóròóró náà sórí itan, kò gbójú sókè mọ́. Nígbà tó máa dìde, ọ̀dọ̀ alákàrà ló gbà lọ, ó ra gbogbo ìyókù ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwòrán ẹ̀rọ orin kan ló wà níbẹ̀, irú èyí tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ tò nílé. Kò ní awọ, kò ní okùn, wọn kì í fẹnu fọn ọ́n, iná bátìrì nìkan ló ń mú un kọrin. Ọkọ mi ní ohùn tó máa ti inú ẹ̀rọ náà jáde, kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí ní gbogbo agbègbè wa. Mo ní ó dáa. Mo rò pé bí ibà ṣe ń lọ lára èèyàn ni yóò ṣe lọ lára rẹ̀.

Kò lọ. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo ohun tí wọ́n fi ń tò ó sábẹ́ àwòrán náà, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ó wọ rélùwéè lọ sí Èkó, ó kiri ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà rédíò, wọ́n ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹnìkan tiẹ̀ ní kó kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó padà délé lọ́wọ́ òfo, ó jókòó, ó jẹun, ó wá sọ fún mi pé èyí tí wọn ò bá ní, òun á wá adelé fún un. Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn, adelé, bí ẹni pé ọba ló wàjà.

Níbi tí wọ́n bá ti ní kó fi ohun tó ń dín agbára iná kù sí, ó fi pẹ́ńsù dúdú fa ìlà sórí páálí, ó ní iná á gba inú ìlà náà kọjá, á sì ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé òdìkejì. Bó bá fẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ sí i, á jẹ́ kí ìlà náà gùn sí i. Níbi tí wọ́n ti ní kó fi ohun tó ń gba iná dúró díẹ̀ sí, bébà tó ń dán nínú páálí sìgá ló ká pọ̀ mọ́ bébà tó ti rì bọ inú àbẹ́là yíyọ́. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe ibi tí wọ́n á máa tẹ̀. Kì í sì í mu sìgá o. Ó wá di pé ó ń ṣa páálí sìgá nílẹ̀ nídìí rélùwéè. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: oyún wà nínú mi, mò ń ránṣọ fún àwọn ìyàwó èèyàn ńlá, ọkọ mi ń bẹ̀rẹ̀ ṣa páálí sìgá níwájú wọn. Bí mo bá rí i lókèèrè, mo máa ń yà bá ọ̀nà mìíràn.

Ó ku ohun kan ṣoṣo tí kò rí adelé fún. Ó ní ó dà bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta nìkan, tí iná lè gba ibẹ̀ jáde tí kò sì lè gba ibẹ̀ padà. Láìsí i, ẹ̀rọ náà ò ní lè fọhùn rárá. Rédíò máa ń ní irú rẹ̀ nínú, ìdí tó fi ń tọrọ òkú wọn kiri nìyẹn. Àmọ́ èyí tó bá yọ lára wọn, bó bá ti fi irin gbígbóná tí wọ́n fi ń lẹ wáyà kàn án, yóò jóná. Ó jókòó tì í títí, inú rẹ̀ ò dùn, oúnjẹ kì í lọ lẹ́nu rẹ̀.

Ó wá rántí ohun tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ sọ fún un rí: kí rédíò oníbátìrì tó dé, òkúta tìróò làwọn kan fi ń gbọ́ rédíò. Tìróò tí à ń lé sójú náà ni o. Kó tó di ìyẹ̀fun, òkúta dúdú tó ń kọ mànà ni. Ó lọ bá Hausa tó ń ta kán-ún àti tìróò lọ́jà, ó ṣa ọ̀kan tó tó èékánná àtàǹpàkò, ó gbé e wálé. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ tèmi ló fi ń gún un kiri. Ó ní ojú kan wà lára òkúta náà tó gbọ́ràn, òun ní láti wá a rí ni. Nígbà tó rí i, ó yọ́ òjé, ó fi lẹ òkúta náà mọ́ inú ìdérí agolo ìpara, ó wá fi wáyà de abẹ́rẹ́ mi kí ẹnu rẹ̀ lè máa kan ojú náà gẹ́lẹ́. Ó ki ohun ìgbọ́rọ̀ kékeré kan bọ etí, ó tẹ sípóòkù, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní ó dùn. Mo ní kó jẹ́ kí èmi náà gbọ́. Ó ní rárá, ọjọ́ tí òun bá rí ẹ̀rọ tó máa gbé ohùn náà síta ni gbogbo wa á jọ gbọ́ ọ pọ̀. Mo kẹ̀yìn sí i, mo padà sídìí aṣọ tí mò ń rán. Abẹ́rẹ́ mi kan ti dín.

Bàbá mi, àgbẹ̀ ni ní Mowe. Títì ńlá tí mò ń sọ yìí gba inú oko rẹ̀ kọjá, ó sì ti pinnu pé bí títì ti jẹ oko òun, ó di dandan kí ará ilé òun kan jẹ nídìí títì. Ó bá fọ́máànù kan sọ ọ́ ní Ibafo, wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tó mọ̀ nípa iná tó máa tọ́jú jẹnẹrétọ̀ fún àwọn. Bàbá mi ránṣẹ́ sí ọkọ mi. Ọkọ mi ní òun ń bọ̀, kí òun parí iṣẹ́ kan ná. Bàbá mi ní iṣẹ́ wo. Wọ́n ṣàlàyé fún un. Wọ́n ní ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ irú ẹ̀rín tí àgbà ń rín nígbà tí inú bá ń bí i.

Mo bímọ, obìnrin ni. Ìyá mi ti Mowe dé láti wá máa wẹ ọmọ, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí bàbá mi rán an fún mi. Bí wọ́n bá ti sọ ọmọ lórúkọ tán, kí n kó ẹrù mi, kí èmi àti ọmọ máa bá wọn lọ sílé. Ọjọ́ tí ọkọ mi bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ibafo ni kó wá kó wa. Ọkọ mi gbọ́ ọ, kò jà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, ó ní kí wọ́n bá òun bẹ Bàbá kí wọ́n gbọ́ ẹ̀rọ náà ná lọ́jọ́ ìkómọ. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ tán tí wọ́n sì ṣì ní kí n máa bọ̀, òun ò ní janpata.

Ká má parọ́, mo ti kó ẹrù mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ ìkómọ tó mọ́, àpótí mi ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ràn ọkọ mi o, àmọ́ ohun tí ojú mi ti rí ní Ifọ̀ ti tó mi. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sá fún èèyàn. Mo rò pé bí mo bá dé Mowe, kò sẹ́ni tí yóò bi mí bóyá mò ń rí jẹ.

Ìyá mi mọ ọmọ wẹ̀. Á nà án lápá, á nà án lẹ́sẹ̀, á ju ú sókè, á hán an, á fi àdí ra gbogbo ara rẹ̀ títí yóò fi máa dán. Ohun kan ló ń dùn ún: ó gbàgbé tìróò rẹ̀ sílé. Lónìí àwọn nọ́ọ̀sì ò fẹ́ kí á lé e sójú ọmọ ọwọ́ mọ́, àmọ́ nígbà yẹn, ọmọ tí wọn ò lé tìróò fún, bí ọmọ tí kò lẹ́nìkan ni. Ojoojúmọ́ ló ń ráhùn pé ojú ọmọ òun ṣófo, pé bí wọ́n bá kó o jáde báyìí, àwọn èèyàn á ní kò ní ìyá àgbà. Mo ní màá ránni lọ sọ́jà. Ta ló ráyè ọjà nígbà náà? Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sọnù lọ́kàn mi.

Ọjọ́ ìkómọ pé. Oyin, iyọ̀, obì, omi, gbogbo rẹ̀ lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Àwọn ẹbí ọkọ mi jókòó sápá kan, àwọn tèmi tó ti Mowe àti Ọ̀fàdà wá jókòó sápá kejì, bàbá mi wà lórí àga onítìmùtìmù tí a yá lọ́wọ́ onílé. Bí wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tán, ìyá mi gbé e wọlé. Ó ní ó ti tọ̀ sára, kí òun ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kí òun tó gbé e fún bàbá rẹ̀ àgbà. Ìgbà náà ni ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé tábìlì ẹ̀rọ náà jáde, aṣọ ìró mi kan ló fi bò ó láti alẹ́ àná.

Ó ṣí aṣọ náà. Èèyàn kan ní kí ni gbogbo eléyìí. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń rí i: sípóòkù, páálí tí wọ́n fi pẹ́ńsù ya, bébà sìgá, wáyà lọ́tùn-ún lósì, gbohùngbohùn tó máa gbé ohùn náà síta, èyí tó yọ nínú òkú rédíò ẹni kan. Ọkọ mi kí bàbá mi, ó ní kí wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì tẹ sípóòkù àkọ́kọ́.

Kò dún. Ó tẹ èkejì. Ó tẹ gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkùnrin kan nínú àwọn ará Ọ̀fàdà ní bóyá ó ń sùn ni, kí wọ́n rọra jí i, àwọn èèyàn sì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ẹbí ọkọ mi pàápàá ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wo àna rẹ̀. Mo tẹ orí mi ba, mò ń wo ẹní tí mo jókòó lé, mò ń bẹ ilẹ̀ kó lanu kó gbé mi mì.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ọkọ mi ti di ìdérí agolo ìpara náà mú. Òfo ni. Òjé kékeré tó ti ya ló kù nínú rẹ̀, òkúta ò sí, abẹ́rẹ́ ò sí. Ó yẹ abẹ́ tábìlì wò. Ó nàró, ó wá ń wo àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i pé iṣan ọrùn rẹ̀ ti le. Mo mọ ọkọ mi, kì í tètè bínú, àmọ́ bó bá bínú, kì í mọ ibi tí òun wà. Mo rí i pé ó fẹ́ béèrè ta ló jí òkúta òun, lójú àwọn àna rẹ̀, lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ rẹ̀. Ó ti la ẹnu.

Ìyá mi jáde sí wa lásìkò náà. Ó gbé ọmọ síwájú, ó ti wọ aṣọ funfun fún un, ojú ọmọ náà sì dúdú kirikiri, tìróò yí i ká rèǹtè rente, ó ń dán. Gbogbo èèyàn ní háà, ọmọ yìí mà rẹwà o. Ìyá mi ò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níta. Ọ̀dọ̀ ọkọ mi ló kọjú sí, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ fún un tòun tọmọ lọ́wọ́.

“Ọkọ wa, ẹ ṣé o,” ó ní. “Mo ń ráhùn tìróò láti ìjọ́sí, àṣé ẹ ti bá mi rà á pa mọ́ sórí tábìlì yín. Ògidì ni. Mo yọ abẹ́rẹ́ ara rẹ̀ kúrò láàárọ̀, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná.”

Nínú gbogbo èrò tó wà níbẹ̀, àwa méjèèjì nìkan ni ọ̀rọ̀ náà yé. Bí ọkọ mi bá sọ ọ́, ara tirẹ̀ á mọ́, bàbá mi á mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló kùnà. Àmọ́ ìyá mi ńkọ́? Títí ayé rẹ̀ ni wọn ìbá máa pè é ní ìyá tó lọ ẹ̀rọ àna rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó lé e sójú ọmọ, láti Mowe dé Ọ̀fàdà. Ojú ń tì mí nítorí ọkọ mi tẹ́lẹ̀, ojú wá ń tì mí nítorí ìyá mi, mi ò mọ ẹni tí ǹ bá gbè lẹ́yìn nínú wọn.

Ọkọ mi wo ìyá mi. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra gbé ìdérí agolo náà sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní í rí i, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi.

“Ẹ ṣé, Màmá,” ó ní. “Ó yẹ ẹ́ gan-an.”

Ó yíjú sí bàbá mi láti ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Ó ní kí Bàbá má bínú, iṣẹ́ náà ò tíì parí, òun ló kánjú. Àwọn èèyàn tún rẹ́rìn-ín. Bàbá mi gba ọmọ, ó gbàdúrà sí i lórí, ó dá a padà fún ìyá mi, ó wá ní kí n lọ gbé ẹrù mi.

Mo dìde. Mo dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo di àpótí mú, kò gbé. Ẹ̀yin ẹ má wò ó bí nǹkan ìyanu, ọwọ́ mi ni kò gbà. Mo ń rò ó pé gbogbo ọ̀nà tí mo ti yà sí nítorí ọkùnrin yìí, gbogbo omi tí mo pọn nínú oòrùn kí wọ́n má baà fi í bú mi, òun rèé tó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìyá mi ṣẹ̀sín. Mo padà síta lọ́wọ́ òfo, mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, mi ò ní lè máa bá wọn lọ.

Bàbá mi ní kí ló dé. Kí ni ǹ bá sọ? Ìyá mi wà níbẹ̀ tó ń fi ojú ọmọ han àwọn èèyàn. Mo ní eruku ọ̀nà pọ̀ fún ọmọ. Bàbá mi wo ẹ̀rọ náà, ó wo ọkọ mi, ó wá wò mí.

“Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́ ni?” ó ní.

“Ó ń tì mí, sà,” mo ní.

Mi ò dìde lórí eékún mi títí wọ́n fi lọ wọkọ̀. Ní àárọ̀ kùtù ọjọ́ kejì, ara mi ò tíì le dáadáa, mo gbé korobá lọ sídìí ẹ̀rọ omi nígbà tí èrò kún ibẹ̀ bámú. Obìnrin ẹ̀yìn ilé wa wà níbẹ̀. Ó wò mí, mo wò ó, mo to korobá mi sí ìlà.

Ọkọ mi ra òkúta mìíràn, ó gún un kiri títí ó fi rí ojú rẹ̀, ó sì pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé kí n gbé ọmọ wá gbọ́ ọ. Ó tẹ sípóòkù. Ẹ gbà mí! Ewúrẹ́ tí wọ́n so lọ́rùn le jù ni, ewúrẹ́ gan-an, ó ń han, ó ń fà, kò mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́ sí. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ọkọ mi kọ́kọ́ fajú ro, òun náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé ohun tó ní ó dùn nìyí. Ó ní ó dùn létí òun ṣá. Ká ní ó dún bẹ́ẹ̀ létí bàbá mi lọ́jọ́ ìkómọ, èmi fúnra mi ni ǹ bá sáré gbé àpótí mi.

Kò pẹ́ sígbà náà ló lọ gba iṣẹ́ Ibafo, kò sẹ́ni tó lé e lọ. Kò fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ o. Òkúta náà kì í pẹ́ tí ojú rẹ̀ á fi kú, nítorí náà gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń lọ bá Hausa náà. Ìyá mi ò gbàgbé tìróò tó lọ̀ lọ́jọ́ náà títí ó fi kú, ó máa ń ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Mowe. Kò mọ̀, a ò sì sọ fún un. Bí ọkọ mi bá ti gbọ́ pé ó ń bọ̀ wá kí wa, òkúta méjì ló máa ń rà. Á gún méjèèjì wò, á gbé etí sí wọn. Èyí tó bá gbọ́ràn jù nínú wọn ló máa ń dì sínú bébà fún un.